Ta ló borí ní Kírìjì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà.

Tí ilé ìwé bá ti gba họlidé ńlá, mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní ìtàn. Lọ́dún yìí, Ogun Kírìjì la kọ́. Ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì ló jọ jókòó. Mo sọ bí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ṣe ni ará ìlú lára títí Fábùnmi fi dìde l'Ókè-Ìmẹ̀sí. Mo sọ ti Jálumi, ìjà 1 November 1878 ní Ìkìrun, tí àwọn tó ń sá fún Ìbàdàn ń já sódò. Mo sọ ti Látòósà àti Ògèdèǹgbé. Mo tiẹ̀ fẹnu ṣe ìró ìbọn tó sọ ogun náà ní Kírìjì. Ariwo sọ, bí ìgbà tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù!

Ni ọmọkùnrin kan bá ní, "Dádì, ta ló borí?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti pín sí méjì. "Àwa la borí!" "Irọ́ o, àwa la nà yín!" Àwa kẹ̀? Ọmọ ọdún 13!

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ orúkọ ìjà, ọjọ́ àti akọni nìkan la fi kọ́ ọmọ, ìjà tí kì í ṣe tiẹ̀ la gbé lé e lọ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó borí. Ọdún 16 ni wọ́n ń ka ogun yẹn sí, 1877 sí 1893. Inú bùdó ogun ni Látòósà kú sí ní 1885. Nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó ní 1893 tí bùdó tú ká, Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó lé gbogbo wa lórí.

Mo wá sọ ti àwọn méjì tí kò gbé ìbọn: Samuel Johnson àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni àwọn méjèèjì. Ní 1886, Johnson lọ bá Ìbàdàn, Phillips lọ bá Èkìtìparapọ̀. Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀, títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn lójú ogun gan-an ní 23 September. Ìjà Ọ̀fà àti Ìlọrin kò jẹ́ kí gbogbo bùdó tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ wọ́n gbìyànjú.

Kíláàsì dákẹ́. Ọmọbìnrin kan ní, "Kí ló dé tá a mọ orúkọ àwọn jagunjagun, tá ò mọ ti àwọn wọ̀nyí?"

Ẹ ò rí i bí?

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má fi ogun pa mọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó bí ogun lè tún un bí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní mẹ́ta: Kí ló fà á? Ta ló jìyà ẹ̀? Ta ló là á? Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá ń sọ ìtàn ìlú yín nílé, ẹ fọ èébú ìlú kejì kúrò níbẹ̀.

A ò ní fojú rí ogun nílẹ̀ yìí. Ọlọ́run á sọ àwọn ọmọ wa di onílàjà, lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe àmín tó rinlẹ̀.