LÁTI ÒKÈ-SOPẸ́N DÉ ÒTÌGBÀ: BÍ A ṢE LÈ RA SÍPÍKÀ KỌ̀ǸPÚTÀ TÍ KÒ WỌ́N, TÍ OHÙN RẸ̀ SÌ DÁRA

 

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó yóò mọ̀ pé àdúgbò ńlá márùn-ún ló para pọ̀ di ìlú náà: Òkè-Sopẹ́n, Òkè-Àgbò, Òjòwò, Àtìkòrì àti Jàpárà. Ìlú obì ni, ìlú kòkó ni, ìlú igi gẹdú sì ni pẹ̀lú. Ní Òkè-Sopẹ́n níbi tí èmi ń gbé, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán kí ariwo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ agbégi bá ń kọjá, tí ẹ̀rọ ìlọta ń ké lápá kan, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lápá kejì, iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé etí ni a fi ń gbà á.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà ní ilé-kéú wa. Bàbá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ti dàgbà, ohùn wọn kò lọ jìnnà mọ́. Ọmọ ìlú wa kan fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ta ilé-kéú lọ́rẹ, kí àwọn ọmọ lè máa tẹ̀lé kíkà Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary ará Íjíbítì, ẹni tí wọ́n gba kíkà Kùránì rẹ̀ látòkèdélẹ̀ sínú ẹ̀rọ ní 1961. Kọ̀ǹpútà náà dára, ṣùgbọ́n ohùn tó ń ti inú rẹ̀ jáde dà bí ohùn ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Nǹkan bí ogún ọmọ ló ń jókòó yí i ká. Àwọn tó wà níwájú ń gbọ́ díẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ka èyí tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́. Síínì àti sọ́ọ̀dù di ọ̀kan náà létí wọn. Ẹ sì mọ̀ pé lẹ́tà tí ọmọ bá kọ́ ní àkọ́ṣì láti kékeré, ó ṣòro kó tó fi í sílẹ̀ nígbà tó bá dàgbà.

Àwọn ìyá ọmọ dá ₦25,000 jọ. Láti inú owó ẹ̀kọ àti owó ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ ládàánì lọ ra sípíkà wá, nítorí pé ohùn ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá ra èyí tí kò dára, kò sí ₦25,000 mìíràn níbì kan. Nítorí náà mo wádìí, mo béèrè, kí n tó ná kọ́bọ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kà fún yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ló ti ní kọ̀ǹpútà lónìí tí kò ní ohùn.

OHUN TÍ SÍPÍKÀ JẸ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣe àpèjúwe. Sípíkà ní awọ gẹ́gẹ́ bí ìlù ti ní awọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà tàbí ike fẹ́lẹ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn awọ yìí ni wáyà tí wọ́n ká róbótó wà, láàárín òòfà. Iná tó ń ti kọ̀ǹpútà wá ló ń ti wáyà náà síwá sẹ́yìn. Iná yìí ni kọ̀ǹgọ́. Àpótí tí a kó gbogbo rẹ̀ sí ni igi ìlù.

Bí awọ náà bá ń mì díẹ̀díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń jáde. Bó bá ń mì lemọ́lemọ́, ohùn òkè ni. Etí tó dá ṣáṣá ń gbọ́ láti nǹkan bí ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 tí ohun kan mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ máa ń wà ní bí 100 sí 150, ti obìnrin ní bí 200. Ṣùgbọ́n èémí fẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń mọ s, ṣ àti f yàtọ̀ síra wà lókè réré, púpọ̀ nínú rẹ̀ ga ju 4,000 lọ. Tẹlifóònù onírin àtijọ́ kì í gbé ju bí 3,400 lọ, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pe orúkọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lórí rẹ̀. Sípíkà tó bá bo ohùn òkè yìí mọ́lẹ̀ lè sọ “ó ṣọ́ ilé” di “ó fọ́ ilé” létí ẹni tó jókòó lọ́nà jíjìn. Ẹ̀ṣọ́ ti di olè nìyẹn!

Ohùn òkè yìí kan náà ló kọ́kọ́ ń kúrò létí àgbàlagbà. Bí ìyá yín bá ń sọ pé, “Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tó ń wí,” ẹ má ṣe sáré yí ohùn sókè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sípíkà tó mọ́ ju tiyín lọ ni wọ́n nílò.

NÍ ÀGÓ-ÌWÒYÈ

Àgó-Ìwòyè ni mo kọ́kọ́ lọ. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Orù ni a ń gbà kọjá, ọ̀nà náà kò sì jìn. Láti 1982 ni yunifásítì ti wà níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ nísinsìnyí. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì pọ̀ sí, ìsọ̀ kọ̀ǹpútà kì í wọ́n níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan nínú ìsọ̀ kan gbé páálí kékeré kan fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé 5,000 wáàtì PMPO. Ó ní, “Alfa, èyí á mi gbogbo àdúgbò yín tìtì.”

Mo ní, “Ọmọ mi, kí ló ń fún un lóúnjẹ?”

Ó fi okùn USB kan hàn mí, èyí tí a ó kì bọ inú kọ̀ǹpútà. Kò ní okùn iná mìíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fóòtì ni a fi ń mọ ipá iná, ámpíà ni a fi ń mọ bó ti ń ṣàn tó. Bí a bá sọ èkíní di ìlọ́po èkejì, wáàtì ló ń jáde. Ojú USB ti àtijọ́ tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, fóòtì 5 ló ń fúnni, ámpíà rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì kan, 0.5. Wáàtì méjì àti ààbọ̀ péré nìyẹn. Ẹni tí a fún ní kóńgò ìrẹsì kan, ṣé ó lè se àpò kan fún àlejò? Báwo wá ni wáàtì méjì àti ààbọ̀ ṣe di 5,000?

Kò sí òfin tó ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò PMPO yìí, ohun tó bá wu oníṣòwò ló ń kọ. Lẹ́tà tó yẹ kí ẹ wá lára páálí ni RMS, tí í ṣe agbára tí sípíkà lè gbé láìsinmi. Ẹ wo àwọn ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ. Logitech ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Z120, wáàtì 1.2 RMS ni wọ́n kọ sí i. Creative, ilé-iṣẹ́ ará Singapore, ṣe Pebble, wọ́n kọ 4.4. Edifier ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe R1280T, alápòótí igi tí a ń ki bọ iná ilé, wọ́n kọ 42. Ẹ ò rí i pé àwọn tí ọjà wọn dára ni iye tí wọ́n ń kọ kéré?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, díẹ̀ ni ohùn fi ń lé sí i. Ó tó ìlọ́po mẹ́wàá kí etí tó sọ pé ohùn yìí ti di méjì. Nítorí náà, fún ẹni mẹ́ta mẹ́rin tó jókòó nídìí tábìlì, wáàtì mẹ́rin gidi tó. Fún yàrá tí ogún ọmọ wà, mo fojú sí bíi mẹ́wàá sí ogún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, mo bá tèmi lọ.

ỌJÀ ÒTÌGBÀ

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì gba ibẹ̀ bọ́ sójú títì Ṣàgámù sí Benin. Ní Ṣàgámù ni ọkọ̀ ti yà sí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá, a sì gba Bẹ́gà wọ Èkó. Láti ibẹ̀ mo wọ bọ́ọ̀sì dé Ìkẹjà.

Ilé gbígbé ni àdúgbò Òtìgbà tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ní ìparí àwọn ọdún 1990 ọjà kọ̀ǹpútà gbà á kan. Nísinsìnyí kò sí ibi tí a ó fi ẹsẹ̀ sí. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lu orin tirẹ̀ sójú títì, ẹnì kan ń fa ọwọ́ ẹ̀wù yín, ẹlòmíràn ń pè yín ní Dádì. Ẹni tó bá dán sípíkà wò láàárín irú ariwo yẹn, èyí tó bá pariwo jù ni yóò gbé lọ sílé. Ìsọ̀ tó wà nínú ilé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni mo wá lọ. Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìdánwò mẹ́rin ni mo gbé lọ, inú fóònù mi ni wọ́n wà. Èkíní ni ohùn ènìyàn tí mo mọ̀ dunjú: mo ti ní kí ọmọ mi ka lẹ́tà àti orúkọ àwọn ará ilé wa sínú fóònù. Bí ohùn ọmọ mi bá dà bí ohùn ọmọ ẹlòmíràn, sípíkà náà ń purọ́.

Èkejì ni àpàlà, kò sì yẹ kí ará Ìjẹ̀bú-Igbó wá a jìnnà. Ọmọ ìlú wa ni olóògbé Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá, tó kú ní 1983. Ìlú yìí náà ló dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phontyphonics sí ní 1979. Mo fi àwo rẹ̀ ti 1971, Oroki Social Club, dán sípíkà wò. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi wá ohùn òkè: ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó má dà bí òjò lórí páànù. Agídìgbo ni kí ẹ fi wá ohùn ìsàlẹ̀: ó yẹ kí ẹ mọ ìgbà tí ó dún àti ìgbà tí ó dákẹ́. Láàárín méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ olórin má sọnù.

Ẹ̀kẹta, ẹ yí ohùn sókè dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn àgbà ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Bó bá ti ń ya, tó ń gbọ̀n, ẹ gbé e fún oníǹkan. Ẹ̀kẹrin, ẹ dá orin dúró, kí ẹ fi ohùn sílẹ̀ lókè. Bó bá ń kùn bí oyin, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kùn nílé.

Sípíkà mẹ́ta ló kù níwájú mi. Èkíní tuntun ni, ó ń tan iná pupa àti búlúù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka kàn án, ike fẹ́lẹ́ ni, ó sì ń bá ohùn gbọ̀n. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ fóòtì 120 ni wọ́n kọ sára adápítọ̀ rẹ̀. Iná tiwa ju 220 lọ. Ọjọ́ tí a bá kì í bọ iná ní Òkè-Sopẹ́n ni yóò jóná. Ẹ̀kẹta jẹ́ tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba, fóòtì 240. Adápítọ̀ rẹ̀ ń pèsè fóòtì 12 àti ámpíà 1.5, wáàtì 18 nìyẹn, tí a kò lè parọ́ kọjá. Àpótí rẹ̀ wúwo. Ìyẹ̀ igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ títí ó fi le ni wọ́n fi ṣe é. Àwa tí à ń gbé nídìí ilé ìlapákó mọ ohun tí ìyẹ̀ igi jẹ́! Mo fi ìka tẹ rọ́bà tó yí awọ rẹ̀ ká, torí pé nínú tòkunbọ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹrà. Kò tíì jẹrà.

Ọmọ ìsọ̀ náà ní, “Alfa, ₦35,000 ni.”

Mo ní, “Owó àwọn ìyá ọmọ kéú ni mo mú dání. ₦18,000 ni mo ní fún ọ.”

A fà á títí, ó gbà ₦22,500. Mo fi èyí tó kù ra okùn kan tó gùn, mo sì fi owó ara mi wọkọ̀ padà.

BÓ BÁ DÉLÉ TÁN

Etí tó gbọ́ àlọ ni í gbọ́ àbọ̀. Sípíkà rere tí a gbé sí ibi tí kò yẹ, owó ṣòfò ni. A kò gbé tiwa sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tì í mọ́ igun ilé, nítorí pé igun ilé máa ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ariwo. A gbé e sókè dé ibi tí etí ọmọ tó jókòó dé, a kọ ojú rẹ̀ sí wọn, a sì jẹ́ kí méjèèjì jìnnà síra díẹ̀. Ilé oníṣìmẹ́ńtì lásán máa ń dá ohùn padà, nítorí náà a tẹ́ ẹní, a fi aṣọ nípọn bo fèrèsé. Ọ̀fẹ́ ni èyí, ó sì ṣe bẹbẹ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ń pe sọ́ọ̀dù ní sọ́ọ̀dù.

Ní ilé tiyín, bí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ wo èyí tó ń lo USB, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń kọ òtítọ́. Bó bá jẹ́ èyí tí a ń ki bọ iná ilé, ẹ yọ ọ́ nígbàkígbà tí iná bá lọ, kí ìpadàbọ̀ rẹ̀ má bàa jó o. Ẹ ṣọ́ etí àwọn ọmọ pẹ̀lú: bí ẹ bá ní láti kígbe kí ẹni tó wà nítòsí yín tó gbọ́, ohùn náà ti pọ̀ jù.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí páálí bá yín yan ọjà. Ẹ mú ohùn ẹni tí ẹ mọ̀ lọ sọ́jà, kí ẹ ní sùúrù, kí ẹ sì gbọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Etí yín mọ ohùn ọmọ yín ju oníṣòwò kankan lọ.