Ìlú tó wà ní òdìkejì odò

Ìlobùú,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
2 September, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Gbogbo àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ti dé. Ìyá rẹ ti fi han gbogbo àdúgbò, títí kan ẹni tó kàn wá ra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú wa dùn pé o kúrò ní Salvador, ní Bahia ti Bràsíìlì níbẹ̀, láàárọ̀, o wọ bọ́ọ̀sì lọ wo Cachoeira, o sì padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lálẹ́ láìsí ewu. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí bí a bá ti pè ọ́, ọ̀rọ̀ owó ló máa ń gbà á lẹ́nu wa, káàdì á sì tán. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. O kúkú mọ̀ pé ìtàn ni mo fi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà, jókòó dáadáa.

O kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kan pé ìlú náà rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà oríṣiríṣi, fèrèsé gígùn tí wọ́n ṣe ọnà sí lórí: ilé àtijọ́ ní Pópó Àgùdà l'Ékòó ni mo rò pé mò ń wò. Àwọn tó ti Bahia padà wálé ló kọ́ ti Èkó, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n béèrè irú owó tó kọ́ ti Cachoeira. Owó ìrèké ni, àti owó tábà. Tábà agbègbè Cachoeira yẹn ni wọ́n ń lọ́, tí wọ́n ń fi oje ìrèké pa lára, tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa níbí, sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́, sí Èkó, tí wọ́n fi ń ra ènìyàn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ọ̀nà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa bá lọ. 1888 ni Bràsíìlì tó fòpin sí oko ẹrú.

Àwọn ìyá àgbà aláṣọ funfun tí o yà, àwọn ni mo wò jù. Àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹrú, àtàwọn tó ti ra ara wọn padà, ló dá ẹgbẹ́ Boa Morte sílẹ̀ ní Salvador ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Cachoeira. Owó tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń dá jọ láti fi ra ẹrú mìíràn sílẹ̀, wọ́n sì ń fi sin òkú ara wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n sin ọmọ èèyàn. Ní oṣù August wọ́n á gbé ère Màríà tó sùn kiri ìlú. Kátólíìkì ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ ọmọ ilé òrìṣà, kò sì sí èyí tó ń dí èkejì lọ́wọ́. Èmi ń kírun, ìyá rẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ òrùlé kan náà la ń sùn. Ta ni a ó wá bú?

Ohun tó dùn mí díẹ̀ ni pé o ní ẹni tó mú yín yí ìlú ká béèrè ibi tí o ti wá, o sì fèsì pé "nítòsí Òṣogbo." Kí ló dé? Bí o bá dárúkọ Ìlobùú fún àwọn tó mọ òrìṣà níbẹ̀, Erinlẹ̀ ni o dárúkọ yẹn, ọdẹ tó di odò. Ibú kọ̀ọ̀kan tó wà nínú odò náà ló ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bá àwọn tí wọ́n kó lọ dé Bahia, Ibualama ni wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n tilẹ̀ ní òun àti Ọ̀ṣun ló bí Lógunẹ̀dẹ. Ta ló máa jiyàn? Inú Ọ̀ṣun ni odò Erinlẹ̀ ń wọ̀. Yunifásítì tí o wà yẹn gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n dá CEAO, ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà, sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1959 ni Ebenezer Lásẹ̀bíkan ti ọ̀dọ̀ wa lọ kọ́ wọn ní Yorùbá. Wọn kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ wa.

Bí o bá sì dárúkọ Ifọ́n, ilé ìyá rẹ, Òrìṣà Olúfọ́n nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní Oxalufã, bàbá arúgbó tó ń tẹ̀pá. Wọ́n ní ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́. Ifá ní kó má lọ. Nígbà tí kò gbà, Ifá ní kó mú aṣọ funfun mẹ́ta dání, kó má sì kọ ohunkóhun tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ sí lọ́nà. Èṣù pàdé rẹ̀, ó ní kó bá òun gbé epo, ó da epo sí i lára. Ó tún lọ fi èédú ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, kò fọhùn. Ó kù díẹ̀ kó dé, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó já, ó mú un kó lè dá a padà. Ni àwọn ẹmẹ̀wà bá ní olè ẹṣin ni, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Òjò kọ̀, aboyún ò bí, oko ò so. Nígbà tí Ṣàngó wá mọ ẹni tó wà ní túbú, ó ní kí gbogbo ìlú wọ funfun, kí wọ́n pọnmi wẹ̀ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ọdọọdún ni àwọn ilé òrìṣà Bahia ṣì ń pọn omi yẹn ní ìdájí.

Níbí, Erinlẹ̀ ní ìlú tirẹ̀, Olúfọ́n ní tirẹ̀. Lọ́hùn-ún, àgbàlá kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Àwọn tí wọ́n dè pọ̀ nínú ọkọ̀ kò ráyè jà lórí ààlà. Àwa tó kù sílé la ráyè. Àlejò tó bá gba àárín wa kọjá ò lè sọ ibi tí Ìlobùú parí sí tí Ifọ́n bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé lé wa lórí. Ìyá rẹ ò lè lọ kí ìyá rẹ̀ nígbà náà. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kíra, àfi bíi pé ọ̀kan nínú wọn ti bá ọ lọ sí Bràsíìlì. Ẹni tó jẹ̀bi ò sí nínú lẹ́tà yìí. Ọmọ Ìlobùú ni mí, àna Ifọ́n sì ni mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹjú mọ́ àwòrán afárá onírin tó rékọjá odò Cachoeira yẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kó irin rẹ̀ wá, 1885 ni wọ́n ṣí i, rélùwéè, mọ́tò àti ẹlẹ́sẹ̀ ló jọ ń gbà á. O dúró sí ìdí rẹ̀, o ya ara rẹ, o padà. Àbẹ̀kẹ́, ìlú wà lọ́hùn-ún! São Félix ni. Ó ti wà lábẹ́ Cachoeira rí kó tó gba ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Dannemann, ará Jámánì kan, ti dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní 1873. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ nípa Cachoeira nígbà tí ará Cachoeira ò sí níbẹ̀.

Maniçoba tí o jẹ yẹn ò jẹ́ kí ìyá rẹ sùn. Ewé ẹ̀gẹ́! Ewé tí ewúrẹ́ wa ń jẹ tó ń kú! Mo ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń sè é kí oró rẹ̀ lè jáde, ó ní kí n má gbèjà rẹ.

Ní 25 June lọ́dọọdún, Cachoeira ni wọ́n ń sọ di olú-ìlú Bahia fún ọjọ́ kan, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dìde sí Potogí ní 1822, tí ọkọ̀ ogun tó wà lójú odò fi yìnbọn lu ìlú. Bí ìdánwò bá gbà ọ́ láyè lọ́dún tó ń bọ̀, tún lọ. Wọ bàtà tó le. Mo rí òkúta ojú títì wọn. Owó ọkọ̀ á dé kó tó di ìgbà náà. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé São Félix ni kí o kọ́kọ́ dé, kí o tó ya Cachoeira.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.