Ẹ̀fọ́ Ìgbà Òtútù ní Humble

Àwọn àgbà Humble kì í pe H orúkọ ìlú wọn. "Ọ́mbù" ni wọ́n ń wí. Epo rọ̀bì ló sọ ibẹ̀ di ìlú èrò lọ́dún 1905, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa là ń sọ.

Bí òtútù bá ti dé, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ parí nìyẹn. Abájọ tí ọmọ wa kan fi gbà pé inú firísà ni ẹ̀fọ́ ti ń hù! Turnip la wá ń gbìn: gbòǹgbò funfun tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ló jẹ wá lógún. Oṣù kẹwàá la ń fọ́n ọn sórí ebè, torí òjò ibí kì í ṣeré. Bó bá hù, ọmọ yẹn gan-an ló ń tu díẹ̀ kí ìyókù lè ráàyè. Èyí tó tu, ó di ọbẹ̀. Ní bíi 40 ọjọ́, ewé ti tó já. Ó korò díẹ̀: ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún omi rẹ̀, kí irú àti epo pupa tó dé. (Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ibí fi ń sè é.) Yìnyín fẹ́ẹ́rẹ́ kì í pa á, ńṣe ló ń mú un dùn, ti oṣù kejì 2021 nìkan ló borí tiwa.

Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn, kó rí wa ní ìpàdé.