Ọ̀rá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Já

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Heritage ní Dallas, Amẹ́ríkà, lu Super Mario 64 kan ní gbàǹjo, owó rẹ̀ sì dé mílíọ̀nù 1.56 dọ́là. Géèmù náà kò ṣọ̀wọ́n. Láti ọdún 1996 tó ti jáde, èyí tí wọ́n ti tà lé ní mílíọ̀nù 10. Ohun tó sọ ọ̀kan yìí di olówó gọbọi ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀rá wé páálí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò já a. Mo ròyìn rẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìbàfò. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?” Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀, tí wọ́n bá ṣí i wò, owó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ó gbé irin tó fi ń jó léèdì sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, kí wá ni wọ́n rà?”

Ìdánilójú ni wọ́n rà. Ilé-iṣẹ́ Wata, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Denver, ló fún géèmù náà ní 9.8 nínú 10, ó sì fún ọ̀rá rẹ̀ ní A++. Ẹ gbọ́ ná: ọ̀rá ní máàkì tirẹ̀! Wọ́n á wo igun páálí bóyá ó ti họ. Wọ́n á wo ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ra, nítorí ti Nintendo àtijọ́ máa ń rí bíi lẹ́tà H, ẹni tó lọ fi ẹ̀rọ wé tirẹ̀ nílé kì í sábà rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá wà láìní páálí, wọ́n á tú u. Nínú ojúlówó, ègé dúdú onígun mẹ́rin tó ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà máa ń bá lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, àmì àti nọ́ńbà á sì wà lára rẹ̀. Nínú ayédèrú, ẹ̀kán gúlúù dúdú kan ló sábà máa ń jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ojúlówó mọ́ inú ike líle.

Ẹ wá tú kásẹ́ẹ̀tì tèmi wò. Ẹ̀kán gúlúù dúdú ni.

Àwọn tí a gbá nígbà tí a wà lọ́mọdé, láti ọjà Alábà ni wọ́n ti wá, wọn kò sì bá Nintendo tan. Àdàkọ Famicom ti Japan ni wọ́n, tí ìdí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní eyín 60, nígbà tí ti Amẹ́ríkà ní 72. Wọ́n á kọ “9999 in 1” sára rẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù láti ṣí orúkọ àwọn géèmù inú rẹ̀ lọ yóò rí i pé Contra, Mario, Battle City àti àwọn mélòó kan ló ń tún ara wọn wí. Tí kásẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a ó fẹnu fẹ́ ìdí rẹ̀, itọ́ á sì máa bá bàbà jà díẹ̀díẹ̀. Lójú Wata, ayédèrú ni gbogbo ìgbà èwe wa.

Síbẹ̀ èmi ń ṣà wọ́n jọ. Àwọn tó kó kúrò ní Mushin àti Agége wá kọ́lé sí Mowé àti Ìbàfò ń kó wọn bọ̀ nínú báàgì Ghana-must-go, kí wọ́n tó tà wọ́n fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́mù. Páálí kì í sí mọ́. Ikán àti ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́. Ibi tí mo ń wò yàtọ̀: orúkọ ọmọ tí wọ́n fi bírò kọ, ibi tí wọ́n ti jó léèdì sí, pádì tí bọ́tìnì A rẹ̀ ti dán. Tí ẹni tó ń tà á bá ní tòun ni látilẹ̀wá, mo máa ń bi í bí ẹ̀mí 30 ṣe ń jáde nínú Contra. Ẹni tó bá ronú ju bó ti yẹ lọ, ibòmíràn ló ti rí i.

Ẹ má sì rò pé máàkì Wata ọ̀hún kò ní àríyànjiyàn. Ní 2022, àwọn oníbàárà kan gbé Wata lọ sílé ẹjọ́ ní California, pé ó lọ́wọ́ sí bí owó àwọn géèmù náà ṣe fò sókè. Wata ní irọ́ ni. N kò lè dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n yá ìṣọ́ra wọn lò: fọ́tò bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ara rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i. Àwa kì í kọ irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìròyìn mílíọ̀nù dọ́là yẹn ti dé Ìfọ̀ báyìí o. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ní kásẹ́ẹ̀tì yẹ́lò kan, orúkọ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ìdí rẹ̀ ti dípẹtà. Mo ní kó jẹ́ ká fi sí tẹlifíṣọ̀n. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé èyí tí wọ́n bá ti gbá kì í pawó. A ṣì ń ná an lọ́wọ́.