Bí A Bá Ń Lọ Sí Tybee Ní Ìgbà Ìwọ́wé

Láti Morrow dé etíkun Tybee, lẹ́bàá Savannah, ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin ni: I-75 dé Macon, lẹ́yìn náà I-16. Ní October, nígbà tí a ti ń wá súwẹ́tà níbí láàárọ̀, ọ̀sán tiwọn ṣì ń sún mọ́ 80 Fahrenheit.

Kí a tó gbéra, a máa ń wo ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan síwájú. Ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ o! Ẹ wo ìgbà tí òkun máa kún. Ní Bar Beach àtijọ́ l'Ékòó, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ bó bá kún. Ti Tybee ń tó 7, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí òṣùpá bá wá di àrànmọ́jú, tàbí tí oṣù tuntun lé, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, omi lè gun US 80, títì kan ṣoṣo tó wọ erékùṣù náà. Oòrùn á máa ràn, títì á wà lábẹ́ omi! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá àwọn òbí yín ka aago ìkún òkun.

Àsìkò ìjì líle ń bẹ títí di 30 November. Ní October 2016, nígbà tí ìjì Matthew ń bọ̀, ìjọba yí ọ̀nà méjèèjì I-16 kúrò létíkun kí àwọn èèyàn lè sá. Omi ga ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ ní Fort Pulaski, lẹ́bàá títì yẹn. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìjì kan pé ó ń bọ̀, ọkọ̀ wa kò ní kúrò ní Morrow. Owó hòtẹ́ẹ̀lì tó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn.