Ẹ̀rù Àwọn Ọkùnrin Òfurufú

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní ni orílẹ̀-èdè wa yà sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti lọ. Bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé, a ó rí àwọn aláṣẹ pẹ̀lú báàjì kékeré láyà, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó sì máa gbọ́ lẹ́nu wọn: akin, akọni, ọkùnrin ogun. N kò bá ọ̀rọ̀ náà jà. Ohun tí a ń fi í bò mọ́lẹ̀ ni ó ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn tí mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé ara mi ni àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Híítílà, nítorí owó wa bá wọn lọ, ọmọ wa náà sì bá wọn lọ.

Ní ọdún 1940, nígbà tí Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí, àwọn awakọ̀ òfurufú tí kò tó 3,000 ni ó di ojú ọ̀run mú fún wọn. Churchill yìn wọ́n nílé aṣòfin ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Láti ìgbà náà ni awakọ̀ òfurufú ti di àwòrán ọkùnrin pípé lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀dọ́ tí òróró ń dán lórí irun rẹ̀, tí ó fi aṣọ ṣẹ́dà wé ọrùn, tí ó ń rẹ́rìn-ín lọ bá ikú. Kì í fọ́nnu, kì í sì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá padà dé, a ní ó yà lọ mu bíà ni. Ní ilé ìwòsàn East Grinstead, àwọn tí iná ti jó lójú àti lọ́wọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1941; orúkọ ẹranko kékeré tí àwọn oníṣègùn fi ń dán oògùn wò ni wọ́n fi sọ ara wọn. Mo fẹ́ràn àwàdà yẹn púpọ̀. Ẹni tí ó lè fi ojú tí ó jóná ṣẹ̀fẹ̀ ti ṣe ohun tí èmi kò lè ṣe.

Ṣùgbọ́n àwàdà náà ní ẹ̀yìn. Nínú ẹ̀ka tó ń ju bọ́ǹbù, bí 125,000 ènìyàn ni ó fò, ó sì lé ní 55,500 tí ó kú. Ọgbọ̀n ìgbà ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fò lọ sójú ogun kí wọ́n tó ní kí ó sinmi. Ẹlòmíràn a lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a lọ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, a ní òun kò lè lọ mọ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ń kọ sí ìwé irú ẹni bẹ́ẹ̀: LMF, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọkàn rẹ̀ kò yi tó ti ọkùnrin. Wọ́n lè já àmì ìyẹ́ tí ó wà láyà rẹ̀, kí wọ́n gba ipò rẹ̀, kí wọ́n sì yára mú un kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, bí ẹni pé ìgbóná ni ẹ̀rù, tí ó lè ràn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ló yọ̀ǹda ara wọn láti fò. Kò sí ẹni tí a fi tipá mú gun ọkọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn kò lẹ́nu láti fi èyí bú Gẹ̀ẹ́sì. Àwa náà ni a ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn pé bí a bá rán Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lọ sógun, láàárín oṣù mẹ́ta, kí ó ṣẹ́gun tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wálé. Ààrẹ Látòósà ti ìlú wa kú sí bùdó ogun Kírìjì lọ́dún 1885, kò padà wálé. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Àdó, bí ọmọkùnrin bá ṣubú tí ó sunkún, wọn a bi í bóyá obìnrin ni. Àwọn obìnrin tó ń bi í léèrè náà ni wọ́n ń ru ẹrù wúwo lọ sọ́jà láti ìdájí. Kò sí ẹni tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu.

Fún ọmọ adúláwọ̀, ọ̀rọ̀ yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 1939, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹni tí kò bá ti ìran òyìnbó wá di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun wọn. Nítorí ogun ni wọ́n ṣe dẹ òfin náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1941, wọ́n dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfurufú kẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún dín mẹ́fà, ìyẹn 91, sílẹ̀ ní Hawkinge. Nítorí owó tí a dá láti ibí, wọ́n sọ ọ́ ní "Nàìjíríà". Orúkọ wa ń fò lókè, nígbà tí ìyàwó òyìnbó nílùú wa ṣì ń pe bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń gbọ́únjẹ fún un ní "bọ́ì".

Ẹ wá wo ohun tí ó túmọ̀ sí pé Peter Thomas, ọmọ Èkó, gba oyè ọ̀gá nínú RAF lọ́dún 1942, ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òyìnbó bá bẹ̀rù, òun nìkan ni wọn yóò pè ní ojo. Bí Thomas bá bẹ̀rù, gbogbo wa ni. Ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1945. (Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Stella Thomas, di adájọ́ májísíréètì lọ́dún 1943, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìgboyà tirẹ̀ kò ní báàjì.) Bánkọ́lé Vivour, ọmọ Èkó bákan náà, kú ní oṣù kẹta ọdún 1944, lóru tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Nuremberg, tí ọkọ̀ 95 kò padà dé. John Smythe ará Sàró ni ó yè é: wọ́n já ọkọ̀ rẹ̀ lulẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1943, ó fara gbọgbẹ́, Jámánì sì mú un lẹ́rú títí ogun fi parí. Ó padà di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Sàró. Mo yọ̀ fún un. Àmọ́ n kò rí i pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ọkùnrin tó o. Ó gun ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá pẹ̀lú ẹ̀rù.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti ogun Bọ́mà dé. Ó wà lára àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wọ inú igbó Kaladan lọ́dún 1944, níbi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ìtàn kan ṣoṣo ni ó máa ń sọ fún wa: pé òyìnbó ń da oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn láti òkè bí ẹni ń bọ́ adìẹ, àwọn a sì máa sáré kiri. A ó rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ fún ìyá mi pé bí òjò bá ń kù lóru, bàbá a dìde, a wọ bàtà rẹ̀, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.