Dírágónì Kú, Ilé Kò Gbọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀, ọdẹ a máa pín ẹran. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹran tí a pa tí kò sí ẹni tí a ó ròyìn rẹ̀ fún, òkú ẹran lásán ni. Ọkùnrin kan ní Fate, ní ìlú Ìlọrin, kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọ̀ ẹranko tí kò sí nínú igbó kankan.

Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni ọkùnrin náà ń ṣe. Nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní ọ̀dọ́, géèmù tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Dragon's Dogma, èyí tí ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní ọdún 2012. Dírágónì ni ọ̀tá inú rẹ̀, ẹranko abìyẹ́ tí ń pọ iná lẹ́nu. Ó fa ọkàn akọni yọ, ó gbé e mì. Akọni kò kú, ṣùgbọ́n àfi bí ó bá pa dírágónì náà ni ó tó lè gba ọkàn rẹ̀ padà. Ẹnìkan ṣoṣo ni eré náà gbà lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n bá di páàdì mú, àbúrò a jókòó tì í, a máa ṣọ́nà fún un, a sì máa pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹ̀yìn yín!" Bí iná bá lọ, wọn a máa jiyàn nínú òkùnkùn lórí ọ̀nà tí wọn ìbá gbà ṣẹ́gun.

Ní ọdún 2022, àbúrò lọ kàwé ní Manchester. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Dragon's Dogma 2 yóò jáde ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wọ́n ṣe àdéhùn láti jọ pa dírágónì lẹ́ẹ̀kan sí i. Àbúrò fi ẹ̀rọ PlayStation 5 ránṣẹ́. Owó géèmù náà jẹ́ 70 dọ́là, èyí tí ó lé ní 90,000 náírà nígbà náà, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí jẹ́ 30,000 náírà. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ti ń tọ́jú owó.

Ọjọ́ pé. Ariwo sọ káàkiri ayé ní ọjọ́ náà gan-an. Eré náà ń falẹ̀, ó ń kọsẹ̀, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà. Òkúta tí ń jí òkú dìde, tí ènìyàn lè rí he nínú eré, Capcom tún ń tà á fún owó ọ̀tọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì ṣe àtúnṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó dun ẹ̀gbọ́n jù.

Olúkúlùkù òṣèré ni ó ń mọ ìránṣẹ́ kan tí à ń pè ní Pawn, ó sì lè yá ẹlòmíràn lò. Àbúrò mọ tirẹ̀ ní àwòrán ara rẹ̀, ó sì yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí ojú àbúrò rẹ̀ lórí ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá náà kò gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń sọ ní gbogbo ìyànà. Kò lè jiyàn, kò lè ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì lè sọ pé "Ẹ kú iṣẹ́." Ìtàn eré náà fúnra rẹ̀ sọ pé irú wọn kò ní ìfẹ́-inú tiwọn. Ní òru ọjọ́ kan nínú àwẹ̀ Rámádáánì, kí àkókò sààrì tó tó, dírágónì ṣubú. Ẹ̀gbọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹnìkan. Àbúrò wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ìlú òkèèrè. Dírágónì kú, ilé kò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Fágúnwà ṣe é nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938. Àkàrà-ogun kò dá lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin. Ọba ni ó rán wọn, ìlú sì ń retí wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì parí, Àkàrà-ogun wá ẹni tí yóò kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ìṣẹ́gun tí a kò rò fún ẹnìkan kò tíì délé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìtunu Àwẹ̀, ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, iná lọ ní Fate. Àbúrò pè láti kí àwọn ará ilé kú ọdún, ó sì béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dírágónì dé. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Àwọn ọmọdé ilé sún mọ́ ọn. Ó fo ibi tí eré ti ń kọsẹ̀, ó fi orúkọ Yorùbá sọ òkè àti odò inú rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí dírágónì ti na ìyẹ́ apá rẹ̀, tí ó fẹ́ gbé akọni lẹ́yìn, ariwo ta nínú fóònù láti Manchester:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹ̀yìn yín!"

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ, ó sì pa dírágónì náà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé gbọ́.